Orí Keje: Ìdajì Epo, Ìdajì Iná

Bí dánfó bá ti Ọjọ́ta ní Èkó já wálẹ̀, tó fi eré kọjá Kétu, tí awakọ̀ ṣàdédé rí i pé ọkọ̀ alátòmátò kan ti dábùú títì ní Mile 12, gbogbo ara ló máa fi tẹ búréèkì. Ẹni tó bá jókòó síwájú á gbọ́ òórùn kan, òórùn páàdì tó ń jóná. Kọ́ńdọ́ ò tiẹ̀ ní kọbi ara sí i, ẹni tó máa wọlé lòun ń wá. Owó epo mà ni òórùn yẹn. Epo tí awakọ̀ rà láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnì sun kí ọkọ̀ tó lè sáré, òun ló di ooru lára irin búréèkì, tí atẹ́gùn sì gbé e lọ.

Ó ṣeé ṣírò. Júùlù ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára. Dánfó tó kún wúwo tó nǹkan bíi kílò 2,500. Tó bá ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, agbára tó wà nínú eré náà tó nǹkan bíi kílójúùlù 350. Lítà epo bẹntiróò kan ní nǹkan bíi kílójúùlù 33,000 nínú. Tí awakọ̀ bá ti orí eré yẹn dúró gbagidi ní nǹkan bí ìgbà 95, ó ti fi agbára odindi lítà kan mú irin gbóná lásán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ́ńjìnì irú ọkọ̀ yìí kì í rí ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lò nínú epo tó ń mu. Ìyókù ń bá sálẹ́ńsà àti rédíétọ̀ lọ. Kó tó rí agbára lítà kan fi ṣòfò nídìí búréèkì, ó ti ra lítà bíi mẹ́rin.

Eré tún ní àrékérekè tirẹ̀. Tó bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń sáré 120 fi ṣòro dá dúró ju ọkọ̀ méjì tó ń sáré 60 lọ.

Ọ̀rọ̀ búréèkì yìí gan-an ló wà nídìí àyípadà tí wọ́n ti là sílẹ̀ fún Formula 1, ìdíje ọkọ̀ sísá tó ga jù lágbàáyé, fún ọdún 2026. FIA, àjọ tó ń ṣòfin irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ti kọ òfin tuntun fún ẹ́ńjìnì, fún ara ọkọ̀, fún epo àti fún táyà, lẹ́ẹ̀kan náà. Kò wọ́pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ yí padà lọ́dún kan ṣoṣo. Wọ́n fi ìdíje àkọ́kọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2026, ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà.

Mo mọ̀ pé ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìkòsí, ẹni tó bá ní kí wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí Arsenal sí Formula 1 lọ́sàn-án Sunday, wàhálà ló ń wá. N ò bá wọn jà. Ta ló gbégbá orókè kọ́ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nínú orí yìí. Iná ni: bí wọ́n ṣe ń kó o jọ, bí wọ́n ṣe ń ná an, àti ibi tó ń ṣòfò sí. Ọ̀rọ̀ iná tí kò tó ná kì í sì í ṣe àjèjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Kósọ́fẹ́ tiwa yìí.

Láti ọdún 2014 ni ọkọ̀ Formula 1 ti ń lo ẹ́ńjìnì kékeré kan, lítà 1.6, sílíńdà mẹ́fà, tó ní tọ́bò, tí wọ́n sì so mọ́tò iná mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ìpín ló yí padà. Títí di 2025, ẹ́ńjìnì epo ń mú nǹkan bíi kílówáàtì 550 wá, mọ́tò iná sì ń fi 120 lé e. Ní 2026, ti epo á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 400, ti iná á sì gòkè dé 350. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ ìdajì-ìdajì.

Kí ẹ lè mọ bí kílówáàtì 350 ṣe tó: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour” ń mú nǹkan bíi wáàtì 650 jáde. Kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ̀ jọ sí àdúgbò kan ní Aláàpẹ́rẹ̀, kí o tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀), wọn ò ní lágbára tó mọ́tò iná kan ṣoṣo tó wà nínú ọkọ̀ yìí. Mọ́tò ọ̀hún ò sì tóbi. Èèyàn kan lè gbé e.

Níbo wá ni iná rẹ̀ ti ń wá? Kò sẹ́ni tó ń kì í mọ́ ògiri láàárín ìdíje. Mọ́tò iná ní iṣẹ́ méjì tó lè ṣe. Tó o bá fún un níná, á yí táyà. Tí táyà bá ń yí i, òun náà á máa mú iná jáde, á sì máa dá ọkọ̀ dúró bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń di òórùn ní Mile 12, tòun ń padà sínú bátìrì.

Àmọ́ kò lè gba gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ti dùn. Ọkọ̀ Formula 1 tuntun pẹ̀lú awakọ̀ àti epo díẹ̀ nínú wúwo tó nǹkan bíi kílò 800. Lórí eré 300, agbára inú rẹ̀ tó mẹ́gájúùlù 2.8, ìyẹn kílójúùlù 2,800. Ìlọ́po mẹ́jọ ti dánfó wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò wúwo tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Tó bá dé kọ́nà tó ká gan-an, ó gbọ́dọ̀ já eré náà wálẹ̀ sí bíi 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta. Láàárín àkókò kékeré yẹn, mọ́tò kílówáàtì 350 ò lè gbà ju nǹkan bíi mẹ́gájúùlù 0.9 lọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ọkọ̀ náà sọ nù. Ìyókù, afẹ́fẹ́ àti búréèkì ló pín in. Búréèkì kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò lè gbóná dé 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i tó ń pọ́n bí ẹ̀yin iná nínú táyà lálẹ́. Mọ́tò àtijọ́ tó jẹ́ 120, nǹkan bíi 0.3 péré ni ìbá rí gbà níbi kan náà.

Òfin tún fi òté lé e. Lápapọ̀, ọkọ̀ kan ò gbọdọ̀ kó ju mẹ́gájúùlù 8.5 jọ nínú yíyípo pápá kan, ó sì lè kéré sí bẹ́ẹ̀ ní pápá mìíràn. Bátìrì fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ gòkè-sọ̀kalẹ̀ ju mẹ́gájúùlù 4 lọ. Fi kílówáàtì 350 pín wọn. Bátìrì tó kún á tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 11 tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tó kó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá dé òpin rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 24 ló máa fi lò ó pátá, nígbà tí yíyípo pápá kan máa ń gbà tó 80 tàbí 90. Ọkọ̀ tó ní agbára ẹṣin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 24 péré lo fi ní in. Ibo lo máa ná an sí?

Ìbéèrè yìí ni ìdíje 2026. Ẹni tó bá ná tirẹ̀ tán ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tó gún, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa gbà kọjá kó tó dé kọ́nà tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá sì ṣahun jù, kò ní bá wọn dé ibi tí ìjà wà. Àwọn awakọ̀ kan ti ń ráhùn: wọ́n ní àwọn á máa gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo kí kọ́nà tó dé, kí bátìrì lè rí nǹkan jẹ, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọkọ̀ sísá. Ẹ́ńjìnì tiẹ̀ lè máa ké tantan, tí awakọ̀ sì tẹ epo dé ìsàlẹ̀, kí apá kan agbára rẹ̀ máa lọ sínú bátìrì dípò táyà, tí eré ọkọ̀ á fi máa dínkù lójú ọ̀nà tó gún gbọọrọ. Ó máa rújú lójú òǹwòran. Èmi ò rí àìdáa níbẹ̀. Sísáré láìsí ìṣirò ti wà tipẹ́, ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó lọ dúró sí afárá Kẹta láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Àbájáde kan wà tó lè ya èèyàn lẹ́nu. Pápá Monaco, tí òpópónà rẹ̀ há, tó sì kún fún kọ́nà, rọrùn fún irú ọkọ̀ yìí láti rí iná kó jọ. Monza ní Ítálì, tí wọ́n ti ń sáré jù, tí búréèkì rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ló máa fi ebi pa bátìrì. Òfin ẹ̀dá kan náà ló wà lẹ́yìn Toyota tòkúnbọ̀ tó ń lo epo àti mọ́tò iná pọ̀, èyí tó ti ń pọ̀ sí i ní Èkó. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Kétu dé Mile 12, níbi tí ọkọ̀ ti ń rìn díẹ̀ tó ń dúró, ló ti ń fi epo pamọ́ jù. Tó bá bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn tó ń sáré lọ láìtẹ búréèkì, èrè rẹ̀ á dínkù, torí kò sí ohun tó ń dá padà. Ọkọ̀ tó yẹ kó gba gò-sílò lọ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ni kò sì mọ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n yọ kúrò lára ẹ́ńjìnì Formula 1. Tọ́bò jẹ́ fáànù tí èéfín ẹ́ńjìnì ń yí, kí òun náà lè máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì. Láti 2014, mọ́tò kékeré kejì wà lára ọ̀pá fáànù yẹn, tó ń sọ agbára èéfín di iná, tó sì ń yí tọ́bò fúnra rẹ̀ nígbà tí èéfín ò bá tíì tó. Iṣẹ́ ọnà ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó ṣòro ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tà fún aráàlú ò sì rí ibi tí wọ́n máa lò ó sí. Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ wà lára ohun tó fa ilé iṣẹ́ Audi wá. Òun ló gba ẹgbẹ́ Sauber. Ford padà wá pẹ̀lú Red Bull, Honda lọ bá Aston Martin, General Motors sì mú Cadillac wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kọkànlá, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ 22 ló máa wà lórí ìlà. Renault ní tirẹ̀ jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ́ńjìnì. Ẹ rí i pé ìwé òfin eré ìdárayá yìí, àwọn ọlọ́jà ló bá wọn kọ ọ́.

Lẹ́yìn búréèkì, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá kejì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ẹ́ńjìnì nílò láti fi la afẹ́fẹ́ kọjá ń di ìlọ́po mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ Formula 1 mọ̀ọ́mọ̀ ń bá afẹ́fẹ́ jà: ìyẹ́ tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ti bàlúù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí afẹ́fẹ́ lè máa tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí táyà má yọ̀ ní kọ́nà. Ohun tó dáa ní kọ́nà, ẹrù ló jẹ́ lójú ọ̀nà tó gún. Ní 2026, ìyẹ́ méjèèjì á máa ṣí ní ọ̀nà tó gún, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, á sì padà pa dé kó tó wọ kọ́nà. Gbogbo awakọ̀ ló lè ṣe é, ní ibi tí wọ́n ti sàmì sí. Láti 2011 dé 2025, ìyẹ́ ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣí, ẹni tó bá sì wà lẹ́yìn ẹlòmíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ní àǹfààní rẹ̀ nínú ìdíje. Báyìí, iná ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀bùn yẹn fún ẹni tó ń lé ẹlòmíràn. Mọ́tò ẹni tó wà níwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ tó bá ti kọjá eré 290. Ti ẹni tó ń lé e á dúró ṣinṣin dé 337.

Ọkọ̀ náà tún kéré sí i. Ìbú rẹ̀ ti mítà 2 bọ́ sí 1.9, ààrin táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn ti 3.6 di 3.4, ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin gbà sì di kílò 768, bíi kílò 30 ló fi fúyẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá. Táyà náà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí epo, torí ibẹ̀ ló kan Kósọ́fẹ́ jù.

Láti 2022 dé 2025, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún epo Formula 1 ni ó jẹ́ ẹtanọ́ọ̀lù. Ní 2026, gbogbo epo náà pátá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kò wà jáde láti abẹ́ ilẹ̀: wọ́n lè fi pàǹtírí ìlú ṣe é, wọ́n lè fi ewéko tí a kì í jẹ ṣe é, wọ́n sì lè fi kábọ́ọ̀nù tí wọ́n gbà padà ṣe é. Ó ṣì máa tú èéfín. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kábọ́ọ̀nù tó wà nínú epo rọ̀bì ti sùn sábẹ́ ilẹ̀ fún àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ọdún; tá a bá sun ún, a ti fi tuntun kún èyí tó wà lójú ọ̀run. Kábọ́ọ̀nù inú ewéko, ojú ọ̀run náà ni ewéko ti fà á ní àìpẹ́, ibẹ̀ ló sì ń padà sí.

Ẹni tó bá ti rìn kọjá Mile 12 lẹ́yìn òjò mọ ohun tí pàǹtírí ìlú túmọ̀ sí. Tòmátò tó fọ́ lójú ọ̀nà láti Kano, tàtàṣé tó ti rà, àlùbọ́sà tó ti hù, gbogbo rẹ̀ pò pọ̀ di ẹrẹ̀ pupa tí bàtà ń gbé kiri. Tí wọ́n bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dà sórí ààtàn, bíi ti Olúṣósùn ní Ọjọ́ta tó gbiná ní oṣù Kẹta 2018, á jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, á sì máa tú gáàsì mẹ́téènì. Ká fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọ̀n ọ́n, mẹ́téènì ń mú ayé gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po 28 ti kábọ́ọ̀nù ọlọ́sígínméjì tó bá wúwo bákan náà. Gáàsì yìí kan náà ṣeé fi dáná, ó sì ṣeé fi yí jẹnẹrétọ̀. Ní ọjà èso Ìkòsí, ní Kétu, ìjọba Èkó ti dán an wò: ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn tó ti bàjẹ́ lọ sínú ìkòkò ẹ̀rọ tí wọ́n dé pa, kòkòrò àìfojúrí jẹ ẹ́, gáàsì jáde, gáàsì di iná. Nígbà tí àwọn onímọ̀ epo Formula 1 bá ń fi pàǹtírí ṣe epo, ohun tí wọ́n ń ṣe jọ ìyẹn ní ìpìlẹ̀. Tiwọn gba owó púpọ̀ sí i ni, torí wọ́n ń yí i padà títí á fi di epo olómi tí ẹ́ńjìnì eléré lè mu. Epo olówó iyebíye yẹn ò tíì ní dé ilé epo wa láìpẹ́. Ìkòkò gáàsì lè dé gbogbo ọjà láàárín ọdún díẹ̀, tí ẹni tó ń kó pàǹtírí bá lè ya ti èso sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá.

Ká má sì jẹ́ kí wọ́n fi epo tuntun yìí bò wá lójú. Ìròyìn tí Formula 1 fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2019 sọ pé nínú gbogbo èéfín tí ìdíje náà ń fà lọ́dún kan, tó lé ní tọ́ọ̀nù 256,000, ohun tó ń jáde láti ara ọkọ̀ eléré ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún: 0.7 ni. Kíkó ẹrù káàkiri ayé, nínú bàlúù, nínú ọkọ̀ ojú omi àti nínú tírélà, gba ìdá 45. Kíkó ẹrù káàkiri ni olórí ìṣòro, epo inú ọkọ̀ eléré kọ́.

Áfíríkà ò tíì gba irú ìdíje yìí lálejò láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ní Kyalami, ní South Africa, ní 1993. Rwanda ti kéde ní oṣù Kejìlá 2024 pé òun fẹ́ ẹ. Èyí tó sún mọ́ wa jù, orí omi ló ti wáyé: ní oṣù Kẹwàá 2025, E1, ìdíje ọkọ̀ ojú omi tó ń lo iná nìkan, wá sáré lórí ọ̀sà Èkó, omi kan náà tó kan etí Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí ní Kósọ́fẹ́ yìí. Ọkọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ bí ìyẹ́ lábẹ́ omi, tó ń gbé gbogbo ara rẹ̀ kúrò nínú omi bó bá ti ń sáré, nítorí omi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Ọgbọ́n kan náà ni pẹ̀lú ìyẹ́ tó ń ṣí: bátìrì ò tó, nítorí náà ẹ dín ohun tó ń jẹ ẹ́ kù.

Mọ́tò iná tó lágbára tún mú ewu tuntun wá. Ní oṣù Keje 2008, nígbà tí Formula 1 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán irú mọ́tò yìí wò ní Jerez, ní Sípéènì, mẹkáníìkì BMW Sauber kan fọwọ́ kan ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, iná sì gbé e lulẹ̀. Láti ìgbà náà, gílóòbù kan wà lórí ọkọ̀ tó ń tàn ní àwọ̀ ewé tí kò bá séwu, tó sì ń pọ́n tí ewu bá wà. Awakọ̀ tí gílóòbù ọkọ̀ rẹ̀ bá pọ́n ò gbọdọ̀ tẹlẹ̀ kí ara rẹ̀ ṣì kan ọkọ̀. Á fò bọ́ sílẹ̀ ni.

Toyota tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tú palẹ̀ ní Òwódé Onírin, lẹ́yìn Mile 12, kò ní gílóòbù. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ló ní. Iná inú wáyà yẹn lé ní 200 volt, kò sì dà bí ti bátìrì 12 volt tí àwọn ríwáyà wa ń fọwọ́ lásán tú. Kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà, kí wọ́n tú orí bátìrì kékeré, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún iná kí wọ́n tó fa púlọ́ọ̀gù ààbò tó wà lára bátìrì ńlá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán, torí iná ṣì ń gbé inú ẹ̀rọ tó ń yí i padà lẹ́yìn tí wọ́n ti já a. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ò bá fún ní ìbọ̀wọ́ yẹn, kó fi wáyà náà sílẹ̀.